Sàká Láti Ọwọ́ Ará Pòbè

Láti ọjọ́ tí iléeṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ti dá Àmúsà dúró, kò sí òwúrọ̀ iṣẹ́ tí kì í wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde. Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ á ṣàdúà fún un lẹ́nu ọ̀nà, òun náà á ṣe àmín, á sì forí lé Ìjù, níbi tó ti ń jókòó sábẹ́ igi títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Àmúsà kò fẹ́ kú, kò sì fẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́.

Àwọn ọ̀gá tó lé àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́, tí wọ́n fi àwọn alágbàṣe olówó kékeré rọ́pò wọn, ló yẹ kó bínú sí. Ṣùgbọ́n níbo ni èèyàn ti ń rí ọ̀gá bínú sí? Waliyullah ló rí, ará Pòbè láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tó wà lára àwọn alágbàṣe tó ń ru irin níléeṣẹ́ náà. Waliyullah mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Àmúsà. Ó rò pé iṣẹ́ mìíràn ló ń wá kiri láràárọ̀, pé Àpèkẹ́ náà sì mọ̀.

Nígbà tí mọ́ṣáláṣí wọn ní Ojú Òrè fẹ́ pín ìrẹsì ààwẹ̀ fún àwọn aláìní, Àmúsà dìde.

“Ẹ̀yin jàmáà, ọmọ ìlú ni kẹ́ ẹ fún o! Àwọn àlejò yìí ti gba jọ́ọ̀bù wa tán, ṣé wọ́n tún fẹ́ gba ìrẹsì wa ni?”

Wọ́n gbà fún un. Lọ́jọ́ ìpín, wọ́n dá Naimat ìyàwó Waliyullah padà lórí ìlà, tòun tọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Àmúsà ń wo ilẹ̀. Òun gan-an kò gba ìrẹsì, nítorí ojú ń tì í kí wọ́n mọ̀ pé òun kò ní.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n túnu ààwẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ní oúnjẹ ọjọ́ ọdún nílé gbọ́dọ̀ yọ sàká fún aláìní. Waliyullah wọn ìrẹsì tiẹ̀ sínú ọ̀rá, ó sì kan ilẹ̀kùn Àpèkẹ́.

“Ẹ kú ìfaradà, Ìyá Bàrákàt. Sàká wa rèé. Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ bàbá, Ọlọ́run á fi èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀.”

Àpèkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. “Iṣẹ́ wo ló bọ́? Wọ́n mà wà níbi iṣẹ́!”

Bẹ́ẹ̀ ni Àmúsà wọlé dé nínú yunifọ́ọ̀mù. Waliyullah wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ọ̀rọ̀ sì yé e.

“Ẹ má bínú,” ló sọ kíákíá. “Mo ṣì í ni. Ẹlòmíì ni mo gbọ́ nípa rẹ̀.”

“Bàbá Bàrákàt, ẹ wá gbọ́ o!” ni Àpèkẹ́ wí. “Ará Pòbè ń fún wa ní sàká!”

Àmúsà ì bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì í débi pé irọ́ kọ̀, kò jáde.

“Kò ṣì í,” ló wí. “Gbà á. Wọ́n ti dá mi dúró tipẹ́.”

Àpèkẹ́ kúnlẹ̀, ó gba ìrẹsì náà.

Ẹni tó bá gba sàká, òun ló ń ṣàdúà fún ẹni tó fún un. Àmúsà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ó fẹ́ ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oúnjẹ wọ́n Waliyullah nílé, ṣùgbọ́n ó rántí bí wọ́n ṣe dá Naimat padà lórí ìlà.

Kó tó rí nǹkan kan sọ, Waliyullah ti fọwọ́ pa ojú. “Àmín,” ló wí.