Ọ̀rọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá

Àìsàn ọ̀fun ti gba ohùn Bàbá kó tó kú. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń lo òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin. Ó kọ ọ́ sórí bébà fún ìyàwó àti ọmọ méjì tó bí pé: "Ẹ má kà á títí n ó fi lọ. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀ kà á."

Lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n sin ín, Ìyá gbé kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì. Àkọ́bí, tó ń tún fóònù ṣe, ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Iná pupa ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ náà. Òkúta fẹ́ tán.

"Sáré lọ ra òkúta tuntun wá," ni Ìyá wí. "Ohun tí bàbá yín ń lò nìyẹn."

"Màmá, ta ló tún ń ra òkúta láyé ìsinsìnyí?" Ó yọ páwà bánkì jáde nínú báàgì. "Èyí á gbé e fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Ẹ̀yin onífóònù! Tẹ́ ẹ bá tún ọ̀kan ṣe, ẹ ó ba méjì jẹ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyá ò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìsìnkú títí di ìgbà yẹn.

Ọmọ náà mọṣẹ́. Ó gé wáyà, ó so ó, ó wọn iná wò kó tó fi sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó yọ òkúta àtijọ́ dànù, torí wọ́n ti ń ṣomi. Ẹ̀rọ tàn. Orúkọ ìwé mẹ́ta ló jáde: ti Ìyá, tirẹ̀, ti àbúrò. Ọwọ́ ń yún un láti ṣí tirẹ̀.

"Má ṣí i. Ẹnì kẹta wa ò tíì dé," ni Ìyá wí.

Ó bá pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ó fi wáyà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí iná bá tán pátápátá nínú irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ á parẹ́; ṣùgbọ́n bí iná díẹ̀ bá ṣáà ń wọlé, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ní í sọnù. Ohun tó ń sọ fún oníbàárà lójoojúmọ́ ló gbàgbé: bí ohun tí wọ́n so mọ́ páwà bánkì ò bá fa iná tó, páwà bánkì á rò pé kò sí nǹkan lẹ́nu òun, á sì pa ara rẹ̀.

Aago méjì ni nọ́ọ̀sì wọlé, kò tiẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì kà á, àbí?"

"Ìwọ là ń dúró dè."

Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà. Kò tàn. Ó wo páwà bánkì, ó rí i pé ó ti kú. Ó tún un tàn. Kọ̀ǹpútà jí, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ìwé kankan níbẹ̀ mọ́.

"Bóyá ó sá pamọ́ síbì kan," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá a."

"Kò sí níbì kankan. Èmi ni mo pa á rẹ́. Ká ní mo ra òkúta ni."

"Kí ni wọ́n kọ sí mi?"

"Mi ò kà á."

"Ẹ ò tiẹ̀ yọjú wò ó?"

"Màmá ní ká dúró."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá wí. "Èmi ni mo ní ká dúró."

Ìyá dìde, ó fa wáyà yọ.

"Gbé e kúrò lórí tábìlì. Àbúrò rẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀."

Ó gbé e. Ó dúró láàárín yàrá, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.