Ìwo Méjì Lórí Tábìlì

Yusrah kó ìwo àgbọ̀nrín méjì jáde nínú àpò, ó tò wọ́n sórí tábìlì oúnjẹ. Ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń sin àgbọ̀nrín ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdọọdún ni ìwo akọ àgbọ̀nrín ilẹ̀ òyìnbó máa ń jábọ́, tí òmíràn á sì hù. Ọ̀kan nínú méjèèjì gùn bí apá àgbà, ó sì yọ ẹ̀ka mẹ́fà. Èkejì kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Làtíìfù, bàbá rẹ̀, gbé kékeré náà wò. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìran ìyá rẹ̀ ni èyí mú. Bíi Yaqub wa."

Hàlímọ̀tù ìyàwó rẹ̀ ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò gbójú sókè. "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá Yaqub. A ti gbọ́. Ará ilé wa kúrú, ẹ̀yin lẹ ga bí òpó iná Old Kent Road."

"Daddy, rárá o," ni Yusrah wí. "Ìyá kan, bàbá kan ló bí wọn. Ọdún márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tí ìwo yìí hù. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ibi tí ìwo lè gùn dé. Oúnjẹ ló ń sọ bóyá á débẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí èyí, koríko ò sí, ebi pa á ní kékeré. A bọ́ ọ títí lẹ́yìn náà. Kò lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ́gba mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Làtíìfù.

Ọmọ ọdún méjì ni Yaqub nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Làtíìfù obìnrin ní Ẹdẹ, kí tọkọtaya lè ráyè ṣiṣẹ́, bí ọ̀pọ̀ ará wọn ní Peckham, ní London, ti ń ṣe nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n náà pè: ọmọ ń rù, kì í jẹun, ẹ wá mú un. Làtíìfù ló gbé fóònù. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í, á ní ọmọ ń jẹ, ọmọ ń yó. Ó mọ̀ pé bó bá gbọ́, á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọmọ padà dé, ó rí pẹ́ńpẹ́. Bàbá ní ìran ìyá ni. Ìyá gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi Yaqub ṣẹ̀sín nílé ìwé, Hàlímọ̀tù ló jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ara òun ló ti mú un.

Làtíìfù gbé ìwo náà sílẹ̀.

"Ìyá Yaqub. Kì í ṣe ìran yín."

"Kí ni kì í ṣe ìran wa?"

"Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ẹdẹ. Wọ́n ní ọmọ ń rù, ká wá mú un. Mi ò sọ fún ọ."

Ọ̀bẹ dúró lára ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n pè?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Daddy, èèyàn kì í ṣe àgbọ̀nrín," ni Yusrah wí jẹ́jẹ́. "Ó lè jẹ́ méjèèjì, ìran àti oúnjẹ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni mo ń sọ láti ọgbọ̀n ọdún."

Hàlímọ̀tù nu ọwọ́. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án sí i.

"Èmi ti bẹ̀ ẹ́ tèmi. Ó ku tiyín."

Yaqub gbé e ní Brockley, ariwo àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. "Mummy, ṣé kò sí?"

"Èmi ni," ni Làtíìfù wí. "Jókòó."