Ẹran Tí Kò Mọ̀ Pé Ó Tó

Akínwándé olóòlà kì í gba ìmọ̀ràn lórí abẹ rẹ̀. Gbogbo Ìrókò, ìlú kan lábẹ́ Ìbàdàn, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣunbíyìí ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Baba, ẹ dákun, ẹ má kọ Ìbídùnní nílà. Ẹ wo etí mi. Ibi tí ẹ ti lu ú ló yọ kókó yìí. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni èmi àti ọmọ mi."

Baba pòṣé. "Ọmọ ọdún méje! Ogun Ìjàyè ń jà, gbọ́mọgbọ́mọ kún ọ̀nà oko, o ní kó máa rìn lójú lásán? Ilà ni yóò sọ ọmọ ibi tó jẹ́."

Ó bu àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta fún un. Kò tó oṣù mẹ́ta, ẹran yọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ara tí a gé a máa bẹ ọ̀wẹ̀: ẹran kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, wọn á dí ojú ọgbẹ́, wọn á sì ṣíwọ́. Ti Ìbídùnní kò ṣíwọ́. Iṣẹ́ ti parí, àwọn ọlọ́wẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i, títí ilà mẹ́ta fi di kókó kan ṣoṣo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ojú ti baba. Ọ̀ṣunbíyìí ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Àgbàlagbà kò gbọ́! Ó tún mú abẹ, ó gé kókó náà pẹlẹbẹ. Ọgbẹ́ tuntun, ọ̀wẹ̀ tuntun. Èyí tó hù padà tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, ó sì fa ẹnu ọmọ náà wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn gbé Ìbídùnní létí odò. Àwọn obìnrin tó sá wọ igbó ló wá sọ. Ọjọ́ kejì ni Akínwándé tó bá wọn ní àgọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá wọn.

"Ilà wo ló wà lójú ọmọ yín?"

"Àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta ni."

"Kò sí alábàjà láàárín àwọn tí a mú, baba. A kì í mú ọmọ tiwa."

Akínwándé fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Ó ní kókó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ẹnu rẹ̀ wọ́."

"Háà, ìyẹn! Ó ké títí pé ọmọ Ìrókò lòun. Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? A wo ojú rẹ̀, a ò rí ìlú kankan níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò ẹrú ti mú un lọ láti àná." Ọ̀gá náà mi orí. "Ta ló tiẹ̀ ba ojú ọmọ yẹn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni," ni Akínwándé wí. Wọ́n ní kó dìde, kò dìde.