Má Bojú Wẹ̀yìn

Ìtàn náà kò gùn. Ní ilẹ̀ Gíríìkì láyé àtijọ́, ejò bu ìyàwó olórin kan jẹ, ìyàwó kú. Olórin tọ̀ ọ́ lọ sí ìlú àwọn òkú, ó kọrin títí ọba ibẹ̀ fi sunkún. Ọba ní kó máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn wò ó títí wọn yóò fi dé ìta. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ìta, ó bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó tún kú. Ó tán.

Ohun tí ọ̀gá ẹgbẹ́ oníjó wa fẹ́ fi ṣe báléè nìyẹn. Báléè ni ijó àwọn òyìnbó tí wọ́n máa ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró jó, àmọ́ ti ọ̀gá wa jẹ́ ti òde òní: a kì í wọ bàtà, a kì í wọ yẹ̀rì gbàgẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan-Sí-i là ń pè é bí kò bá sí nítòsí. Bí a bá jó dáadáa, á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i." Bí a bá jó jákujàku, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èmi ni yóò jó ìyàwó tó kú, ọkọ mi ni yóò jó olórin. Ọ̀gá ní torí a jẹ́ tọkọtaya lòun ṣe yàn wá, pé ìfẹ́ yóò hàn lójú wa. Ìfẹ́ tó wà nílé wa nígbà náà, "Omi gbígbóná ti tán" ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ mi jù mí sílẹ̀ lórí ìtàgé lọ́dún tó kọjá. Ijó mìíràn ni. Mo fò, kò sí níbi tó yẹ kó wà, mo sì fi èjìká gba ilẹ̀. Eegun dá. Ó jókòó tì mí nílé ìwòsàn, ó bó ọsàn fún mi, ó ní, "Ilẹ̀ yẹn ń yọ̀." Nígbà tí mo tún mẹ́nu bà á, ilẹ̀ ṣì ń yọ̀. Nígbà tí ara mi yá, mo padà lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo bọ́ bàtà, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò yọ̀ rárá. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn, pé bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, àmọ́ ẹṣin kì í dá ni tán kó ní ilẹ̀ ló ń yọ̀.

Nínú ijó tuntun yìí, ibì kan wà tí gbogbo rẹ̀ so kọ́. Olórin ń lọ níwájú, èmi yóò sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, màá fò mọ́ ọn lẹ́yìn, yóò sì na ọwọ́ sẹ́yìn gbà mí láìwò mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá sáré débẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ń wúwo. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀gá fara dà á títí, ó wá pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Bó o bá ṣì ń ṣe báyìí títí ọjọ́ eré fi súnmọ́, màá gbé e fún ẹlòmíì o."

Ẹlòmíì náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń kọ́ gbogbo ìṣísẹ̀ mi, kò tilẹ̀ fi pamọ́. Mo wá bá ara mi sọ ọ́ kẹ́rẹ́ pé bí ẹ̀rù ọkọ mi bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, màá kó ẹrù mi kúrò nílé rẹ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin tí mi ò lè fò mọ́ lẹ́yìn, kí ni mo wá ń sùn tì í fún?

Àfi bí ẹni pé ẹnì kan gbọ́ ohun tí mo sọ, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Bí mo bá ti fò báyìí, ọwọ́ ọkọ mi ti wà ńlẹ̀. Mo fò lónìí, mo fò lọ́la, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi fún òun náà mu. Ọjọ́ kan ni ọ̀gá wá dá dùùrù dúró.

"Olórin, kí lò ń wò?"

"Iwájú ni mò ń wò, sà."

Iwájú ló ń wò lóòótọ́. Díńgí ló wà níwájú, ó bo ògiri náà látòkè délẹ̀, èmi sì ni mo wà nínú díńgí. Iṣẹ́ dúró. A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá ẹni tó wo díńgí ti bojú wẹ̀yìn. Ọkọ mi ní ọrùn òun kò yí. Onídùùrù ní bí ọba àwọn òkú kò bá fẹ́ díńgí, ì bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n ta aṣọ dúdú bo díńgí.

Oníjó tí wọ́n bo díńgí mọ́ lójú, ẹ kúkú ti ta aṣọ bo òun náà. Láti kékeré la ti ń wo ara wa níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹnì kan kọlu ilẹ̀kùn. Ọkọ mi a bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́, tàbí kó na ọwọ́ lẹ́yìn tí mo ti dúró. Kò lè gbọ́ mi. Ọ̀gá fẹ́ kí dùùrù dákẹ́ níbẹ̀, àwa oníjó kì í sì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa dún. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dún láàárín wa, wọ́n á bi í bóyá aáyán ló ń pa.

Ọ̀sẹ̀ tí eré máa bẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ mi wá kí wa, ó ní kí n sọ ìtàn náà fún òun. Mo sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí a kò tàn.

"Ó lọ mú ìyàwó ẹ̀, kò wá wẹ̀yìn wò bóyá ó ń bọ̀?"

"Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wò ó ni, Màmá."

"Kò tún lè gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀? Tí bàbá ẹni tó jókòó yìí bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, mo ti mọ̀ pé òun ni, mo tún mọ̀ bóyá inú ń bí i. Ṣé obìnrin yẹn ò lẹ́sẹ̀ ni?"

"Ó ti kú, Màmá. Òkú kì í dún."

"Ẹ ò wá rí i pé ó tọ́ kí ọkọ ẹ̀ wẹ̀yìn wò."

Ọkọ mi ń wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ eré dé, èrò kún, ìyá ọkọ mi wà láàárín wọn. Ọ̀gá kò rẹ́ni gbé ipa mi fún mọ́, torí ẹlòmíì náà ti fẹsẹ̀ rọ́ nígbà tó ń fi ìtara kọ́ ọ. Mo sáré bọ̀ lẹ́yìn ọkọ mi nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ẹsẹ̀ mi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo wá ṣe ohun tí mi ò ṣe rí láti ọmọdé. Mo fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀. Gbì. Mo rí i tí ọrùn ọkọ mi rọ̀ díẹ̀. Gbì, gbì. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ, ọ̀gá di orí mú lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo fò. Ọwọ́ ọkọ mi ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.

Ó sọ̀ mí kalẹ̀, a kọjú sí ẹnu ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ níbi tó ti yẹ kó bojú wẹ̀yìn. Mi ò lè dá ẹsẹ̀ mi dúró mọ́, inú mi dùn jù, gbì, gbì, gbì. Onídùùrù tẹ ohùn tí yóò fi yíjú. Kò yíjú. Onídùùrù tún un tẹ̀. Ọkọ mi ń lọ, mò ń tẹ̀ lé e, a gba ẹnu ọ̀nà jáde, a kúrò lórí ìtàgé. Orin ọ̀fọ̀ ṣì kù, onídùùrù sì fi í ṣọ̀fọ̀ orí ìtàgé tó ṣófo títí orin fi tán. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bí ti òde òní ṣe ń rí nìyẹn.

"Kí ló dé tó ò wẹ̀yìn?" Ọ̀gá ló bi í lẹ́yìn ìtàgé.

"Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, sà. Kí ni mo tún fẹ́ wò?"

Ọ̀gá la ẹnu, kò rí "Ẹ̀ẹ̀kan sí i" sọ, ó lọ. Ọkọ mi fi aṣọ nu ojú, ó pẹ́ kó tó gbé aṣọ náà kúrò.

"Ilẹ̀ yẹn ò yọ̀," ó ní. "Àwọn èrò ni mò ń wò lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi, mo gbàgbé ẹ. Má bínú."

Mo sunkún. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń dúró dè láti ọdún tó kọjá, àfi ìgbà tó dé.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá tún un tò. Ó fi ìró ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà lọ́kàn òun. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, kí n dá ẹsẹ̀ dúró, kí olórin má gbọ́ mi mọ́, kó lè bojú wẹ̀yìn. A bẹ ìyá ọkọ mi pé kó wá wo ìyẹn náà, ó ní kí lòun tún fẹ́ wò, ọmọ òun ti mú ìyàwó ẹ̀ délé.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jó o títí di òní. Ẹsẹ̀ mi á dákẹ́, ọkọ mi á yíjú pẹ̀lú ìpayà, á wò mí, màá sì kú. Mo ti kú lójú ẹ̀ títí mi ò ka iye ìgbà mọ́, kò tíì mọ́ ọn lára.