Kí Fèrè Ìparí Tó Dún

Gbogbo ẹni tó wà létí pápá ló gbọ́ bí orúnkún Àgéré ṣe dún. Ó fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló tẹ̀, ló bá wó lulẹ̀ bí igi. Eré tó kẹ́yìn sáà ni, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kékeré tó wà nínú ọgbà. Nọ́ọ̀sì fi yìnyín lé orúnkún náà, dókítà ya àwòrán eegun, ó ní kó dúró de èsì.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá ẹgbẹ́ fi wọlé, obìnrin àgbà tó ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n yìí rí nígbà èwe. Màmá Òfin ni wọ́n ń pè é, torí pé kì í tẹ ìlà kọjá. Ó fi eré sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó ti ibùsùn.

Àdéhùn Àgéré ń parí lọ ní sáà yẹn. Òfin líìgì sì ni pé ẹgbẹ́ kan ò gbọdọ̀ bá ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún un sọ̀rọ̀ àfikún ọdún, àfi tí fèrè ìparí sáà bá dún. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ò tiẹ̀ gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá, àmọ́ wọ́n ń pè é ní bòókẹ́lẹ́. Màmá Òfin nìkan ni kò tíì dárúkọ àdéhùn fún un.

"Ẹni fẹ́ni là ń fẹ́," ni ẹ̀gbọ́n Àgéré máa ń sọ fún un. "Ẹni tí ò pè ẹ́, má dúró dè é."

Àmọ́ látìgbà tó ti ṣubú, fóònù rẹ̀ tí kì í sinmi ti dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu.

"Màmá," Àgéré ní, "ẹ ṣì máa mú mi dání?"

"Eré ò tíì parí, ọmọ mi."

"Àwa méjèèjì nìkan la wà níbí, mà."

"Mo mọ̀. Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Ó kọjú sí ògiri. Obìnrin náà tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀gá kan ṣèlérí fún mi láàárín sáà nígbà kan. Ìlérí yẹn ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù dópin sáà, ó sì ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ṣe é fọ́mọ ọlọ́mọ."

Ó jókòó tì í títí fèrè ìparí fi dún gbọọrọ láti pápá, tí ariwo sì sọ.

Màmá Òfin fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ó yá. A fẹ́ fi ọdún mẹ́ta kún àdéhùn rẹ. Bí ẹsẹ̀ yìí bá máa pẹ́ kó tó san, kó pẹ́. Bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ ọ́ dáadáa. Òfin fún ẹ láyè láti rò ó, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ẹ lójú, títí kan èmi."

Àgéré fẹ́ dúpẹ́. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé a borí, mà?"

"Mi ò mọ̀. Jẹ́ n lọ béèrè."

Ó jáde tán ni dókítà wọlé, àwòrán lọ́wọ́, ó ń wo àga tó ṣófo.

"Ṣé ọ̀gá yín ti lọ ni? Mo rò pé èsì yìí ni wọ́n ń dúró dè."

Àgéré kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Rárá," ó ní. "Wọn ò tiẹ̀ béèrè èsì."