Akéde Òkú Tí Gbogbo Ilé Ń Dúró Dè

7.

. . . tó sì húkọ́ díẹ̀, bí àgbà tí ẹjọ́ bá délé. Orí tẹlifíṣọ̀n ni, níwájú èrò tó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó jókòó.

— Ọ̀gá aláwàdà, níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?
— Rédíò. Èmi ni mo dá ẹ̀ka àwàdà sílẹ̀ níbẹ̀.

8.

Ká má purọ́ mọ́ ọn: rédíò jẹ́ òótọ́.

9.

Òkú ni wọ́n gbà á síṣẹ́ pé kó máa kéde. Láràárọ̀, á wọ kóòtù fún makirofóònù tí kò lójú, á wá máa fa ọ̀rọ̀ bí okùn kànga. Ìròyìn ló fẹ́ máa kà. Ó gbà pé bí òun bá fi iyì tó tó ka òkú, wọn á gbé ìròyìn lé òun lọ́wọ́.

"Ìyá àgbà náà fi ọmọ sílẹ̀. Ó fi ọmọ-ọmọ sílẹ̀. Ó sì fi . . . . . . . . . . ajá kan sílẹ̀."

10. LÁTỌ̀DỌ̀ ÀWỌN OLÙGBỌ́

*Ọkọ mi kì í rẹ́rìn-ín. Lánàá, ó rẹ́rìn-ín.*

*Ẹ jọ̀ọ́, òkú ta ló kàn lọ́la? A fẹ́ pe aládùúgbò.*

*Òkú wa lẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ó dùn.*

11. LÁRA ILẸ̀KÙN

LÁTI Ọ̀SẸ̀ TÓ Ń BỌ̀, Ẹ̀KA ÀWÀDÀ NI AKÉDE ÒKÚ Ń LỌ. A KÍ I KÚ ORÍIRE.
— Ọ̀gá Rédíò

(Ó wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.)

12.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, bàbá rẹ̀ kú.

13. YÀRÁ ÌYÁ RẸ̀

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹlòmíì ni yóò ka ti Bàbá.
ÒUN: Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá mi kú, kí ẹlòmíì kà á?
Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá *wa*. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n ti ń di ikùn mú kó o tó lanu.
ÒUN: Bàbá ní ohùn mi ò láfiwé.
Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́ ni. Bàbá máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.
ÒUN: Ẹkún ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn ń sun.
ÌYÁ: Ó tó, ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ mi, ṣé o lè kà á kíákíá?

14.

Kò lè kà á kíákíá.

15. ORÍ AFẸ́FẸ́

"Bàbá náà fi ìyàwó sílẹ̀. Ó fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn . . . . . . . . . . . .

. . . . . . . . . .

. . . . . . ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

(Ìdákẹ́ yẹn kì í ṣe ti iyì.)

16.

Iná tẹlifóònù kan tàn. Òmíràn tàn. Gbogbo wọn tàn.

ẸNJINÍÀ: Àwọn olùgbọ́ ni. Ṣé kí n gbé e?
ÒUN: Ṣé ẹkún ni àbí ẹ̀rín?
ẸNJINÍÀ: Mi ò lè mọ̀ láìgbé e.
ÒUN: Fi orin sí i.

17.

Orin náà parí. Àwọn iná náà ṣì ń tàn.