Ríìmù Oníhò Mẹ́fà

"Ẹ kó ẹsẹ̀ yín kúrò nínú ọgbà mi! Ẹ̀yin méjèèjì!"

Bàbá tó ń ta àlòkù ríìmù ọkọ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, sípánà ńlá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onípákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé yára ṣí fìlà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bi àbúrò rẹ. Bi í, kó tún un sọ."

Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ mọ́ àyà. Mọ̀-ọ́n-tán ni gbogbo èèyàn ń pè é, kì í sì í ṣe oríyìn. Òun ló ń wa píkọ́ọ̀pù tí ilé iṣẹ́ pákó wọn fi ń kó igi.

"Mo ní ẹrù olè ni," Mọ̀-ọ́n-tán dáhùn. "Ṣé irọ́ ni? Ríìmù tó dán tó báyìí, ta ló ń sọ irú ẹ̀ nù?"

"Ṣé o gbọ́? Lójú àwọn oníbàárà mi!" Bàbá náà fi sípánà tọ́ka sí ríìmù mẹ́rin tó so kọ́ sára ògiri. "Ó bá táyà yín mu, ó bá ọkọ̀ yín mu, mi ò sì ní tà á fún yín. Àfi kó padà wá síbí, kó ní òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹyin lohùn o, èyí tó fọ́ lónìí, òun ló máa ṣà á."

"Kó máa retí mi," Mọ̀-ọ́n-tán ní, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tó fà á o. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ kó igi ti di ẹrẹ̀, táyà tínínrín tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wọn a sì máa rì. Ni Mọ̀-ọ́n-tán bá lọ ra táyà mẹ́rin tó fẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ìyẹn ò tiẹ̀ burú. Èyí tó burú ni pé ó ti ta àwọn ti àtijọ́ fún awakọ̀ kan tó ń kọjá lọ, ó sì tà wọ́n tòun ti ríìmù inú wọn. Fọganáísà àdúgbò ló kọ́kọ́ bi í pé, "Inú ríìmù wo ni ká wá fi eléyìí sí báyìí?" Ìgbà yẹn lojú ẹ̀ tó wálẹ̀. Awakọ̀ yẹn ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ ilé rẹ̀.

Bí ọkọ̀ ṣe dèrò orí búlọ́ọ̀kù nìyẹn. Wọ́n wá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta àlòkù kiri. Ríìmù tó bá fẹ̀ tó, ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún ni wọ́n á bá lára ẹ̀, mẹ́fà sì ni ti ọkọ̀ wọn. Èyí tó bá ní ihò mẹ́fà, kò ní fẹ̀ tó táyà. Ọ̀dọ̀ bàbá yìí nìkan ni wọ́n ti rí èyí tó bá a mu délẹ̀, ẹnu Mọ̀-ọ́n-tán sì ti bà á jẹ́.

"Padà lọ bẹ bàbá yẹn," Onípákó ní bí wọ́n ṣe dé ilé iṣẹ́. Kò tiẹ̀ tíì jókòó.

"Mi ò lọ."

"Òrùlé ilé tí àwọn oníbàárà wa ń kọ́ lórí òkè ti ṣí sílẹ̀, òjò sì ń ṣú. Wọ́n ní tí igi wọn ò bá dé lónìí, àwọn á rà á níbòmíràn, àwọn ò sì ní padà wá mọ́. Ṣé o fẹ́ ká ti ilé iṣẹ́ pa ni?"

"Ẹ̀yin ẹ lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé èmi ni mo pè é lólè? Olórí kunkun! Láti kékeré lo ti ń ṣe bíi pé ìwọ lo bí Bàbá."

Mọ̀-ọ́n-tán rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Ẹ máa bú mi. Ṣebí iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀ yín, ẹ ò sọ ọ́ rí pé mo ṣe é dáadáa. Mo ra táyà kí ọkọ̀ má baà rì mọ́. Ta ló ń ti ọkọ̀ yẹn nínú ẹrẹ̀? Ṣé ẹ̀yin ni?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló wá bí Onípákó nínú jù. "Ó dáa! Wá bí wàá ṣe gbé igi yẹn débẹ̀. Mi ò fẹ́ mọ bó o ṣe máa ṣe é. Ṣáà gbé e débẹ̀!"

Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sórí òkè láti lọ tọrọ àkókò díẹ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé. Wọn ò gbà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Nígbà tó máa padà dé, ọkọ̀ ti kúrò lórí búlọ́ọ̀kù. Táyà tó fẹ̀ náà dúró dáadáa, pákó ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ti fi okùn dì í. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló rí fọganáísà tó jókòó, tó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀.

"Ṣé ó ti lọ bẹ bàbá yẹn ni?"

"Ẹ bi í."

"Ìwọ ni mò ń bi."

Fọganáísà tu itọ́ sílẹ̀. "Ríìmù oníhò márùn-ún ló lọ rà. Ó gbé e lọ bá jórinjórin, wọ́n lu ihò mẹ́fà míràn sáàárín àwọn ti tẹ́lẹ̀. Irin tó ṣẹ́kù láàárín ihò kan sí èkejì ò nípọn tó ìka mi. Mo ní mi ò dè é, ó ní òun á dè é fúnra òun, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n dè. Ni mo bá dè é. Lọ́jọ́ tó bá já, ẹ má ṣe dárúkọ mi o."

Onípákó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Òótọ́ ni. Ó ro gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ òkè yẹn, ó ro ẹrù tó wà lẹ́yìn, ó ro kòtò tó wà lábẹ́. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà sì di ìbínú kó tó dé ẹnu rẹ̀, bó ṣe máa ń rí fún un.

"Sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn!"

Mọ̀-ọ́n-tán ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó ti ṣíná sí i. "Ẹ ní kí n gbé e débẹ̀. Mò ń gbé e lọ."

"Ríìmù yẹn á já!"

"Kò ní já. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dára."

"Ó dára?"

"Mo ní ó dára! Ẹ kúrò níwájú ọkọ̀."

Ọwọ́ Onípákó ti gbéra láti fọ́ ọ létí. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ń bá jà. Ìgbájú á kàn mú kó tètè lọ ni. Ó gba iwájú ọkọ̀ kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó wọlé, ó sì pa á dé gbàgà.

"Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Máa lọ."

"Ẹ kì í tẹ̀ lé mi."

"Mò ń tẹ̀ lé ọ lónìí. Ṣebí o ní ó dára."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Mi ò sọ̀."

"Ẹ lọ́mọ nílé!"

"Ìwọ ò bímọ ni?"

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé èmi nìkan..."

"Kó jẹ́ pé ìwọ nìkan kí ni? Parí ẹ̀!"

"Sọ̀ kalẹ̀!" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Omi ti lé sí i lójú. "Mo ní kó o sọ̀ kalẹ̀!"

"Tó bá máa já, kó já mọ́ àwa méjèèjì lórí," Onípákó ní. "Àbí ta ló máa lọ sọ fún Ìyá? Èmi? Mo lè bú ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n mi ò lè lọ jókòó níwájú Ìyá kí n sọ ìyẹn. Mi ò lè ṣe é. Nítorí náà máa lọ, jẹ́ ká jọ lọ."

Ẹ́ńjìnnì ń kù. Fọganáísà ti dìde dúró, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Mọ̀-ọ́n-tán di ìdarí ọkọ̀ mú pinpin, ó ń wo iwájú. Nígbà tó ṣe, ó pa ọkọ̀.

Wọn ò dì mọ́ra wọn o, ẹ má wulẹ̀ retí ìyẹn. Mọ̀-ọ́n-tán bọ́ sílẹ̀, ó fi ìbínú ti ilẹ̀kùn, ó lọ wọ́ jáàkì wá. Onípákó tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì táyà iwájú.

"Ẹ má rò pé mo ti gbà pé ẹ̀yin lẹ jàre," Mọ̀-ọ́n-tán ní.

"Ta ló bi ọ́?"

Ó tú òmíràn. Ó dáwọ́ dúró. "Kí ni wọ́n tiẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ?"

"Fún ta?"

"Fún bàbá oníríìmù. Tí mo bá débẹ̀."

Onípákó ronú sí i. Ó rò ó sẹ́yìn, títí dé ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń sùn lórí ẹní kan náà.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Èmi náà ò bẹ̀ ọ́ rí."

"Ẹ ò bẹ̀ mí rí lóòótọ́."

"Màá bá ọ lọ. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Ó na ọwọ́. "Gbé sípánà yẹn wá, ó ti rẹ̀ ọ́."

Mọ̀-ọ́n-tán wo ọwọ́ náà, ó sì gbé e fún un.